Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò Àtiwọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Orin

Àwọn baba wa a máa wí pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìdánwò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní ọ̀dísàn, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni. A máa ń dá ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá sì bèèrè yóò mọ irú ohun tí a óò fi dán òun wò. Síbẹ̀ a ti rí àwọn ọmọ wa tí ó ṣubú níbẹ̀, àwọn ọmọ tí gbogbo ìjọ gbà pé kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nínú orin. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó fa èyí, kí a sì mọ ipa tí àwa tìkára wa kó nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí. Nínú ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, tí kò jìnnà sí Ọjà Àlàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Ọjà náà ni baba rẹ̀ ti ra èyí tí ó fi kọ́ ọ nílé. Ní ọjọ́ ìkórè, ibi yòówù tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé orin, ọmọ yìí yóò ti wá ohùn rẹ̀ rí kí a tó kọ ìlà kejì. Àwọn ìyá ìjọ a máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, àwa náà a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí àga ìwàásù. Ọdún mẹ́fà ni a fi yìn ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó lọ sí ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Wọ́n mú un jókòó ní ìdí pianó ńlá, wọ́n ní kí ó tẹ dó-re-mí ní E flat, ní gígun òkè àti ní sísọ̀ kalẹ̀. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ìwé orin kékeré kan sí iwájú rẹ̀. Kò lè kà á. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó máa lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó wá sí ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì wí pé, “Bàbá, ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹ̀ ẹ́ níwájú yín. Kò sí ẹnì kan tí ó sọ fún mi rí pé ó kù síbì kan.” Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni ó mú wa sọ̀rọ̀ yìí fún yín.

Kí ni ó kù? Nínú orin tí pianó ń sọ, láti dó kan dé dó tí ó tẹ̀lé e lókè, ọ̀nà méjìlá ni a pín àlàfo náà sí: funfun jẹ́ méje, dúdú jẹ́ márùn-ún. Èyíkéyìí nínú àwọn méjìlá yìí ni a lè fi ṣe dó, ìyẹn ni àwọn akọrin wa ń pè ní kíì. Nítorí náà orin kan ṣoṣo lè jókòó sí ibi méjìlá, ìka yóò sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíbọ́ọ̀dù òde òní, bọ́tìnnì kan wà tí a ń pè ní transpose. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé gbogbo ohùn ẹ̀rọ náà lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀, nígbà tí ìka olùtẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ọmọ tí a ń wí yìí ti fi F sharp mọ gbogbo orin. Ibi yòówù tí ìjọ bá gbé e sí, bọ́tìnnì ni ó ń ṣí nípò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà láti ilé rẹ̀ dé ọjà, ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbà, kò mọ ibi tí yóò gbà dé ọjà kan náà mọ́. Pianó kò ní bọ́tìnnì yìí. Nítorí èyí, ọmọ tí ó mọ orin ní ìjọ di ẹni tí kò mọ orin ní ibi ìdánwò, nígbà tí ó sì jẹ́ pé orí kan náà àti ọwọ́ kan náà ni ó gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdánwò yìí yàtọ̀ sí òde àríyá. Ní òde àríyá, ohun tí a ń fẹ́ ni kí inú àwọn olùgbọ́ dùn; ìlù, gbohùngbohùn àti ariwo ẹgbẹ́ akọrin a sì máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ní ibi ìdánwò, ohun méjì péré ni àwọn olùkọ́ fẹ́ mọ̀. Èkíní, ohun tí o ń ṣe yìí, ṣé tìrẹ ni, tàbí ti ẹ̀rọ àti ti àwọn tí ó yí ọ ká? Èkejì, ṣé a lè kọ́ ọ sí i? Wọn kò retí pé kí ó ti mọ ohun gbogbo, nítorí bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí ni ó wá kọ́? Ẹni tí ó tẹ orin kékeré kan dáradára, tí ó sì gba ìtọ́sọ́nà nígbà tí a bá ní kí ó tún un ṣe ní ọ̀nà mìíràn, ó sàn ju ẹni tí ó gbé orin ńlá tí ó sì já a sílẹ̀ ní agbedeméjì.

Ní ti ibi tí a lè lọ, Ọlọ́run kò fi agbègbè wa sílẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé àti Orin. Ní ọ̀nà Àgbádárìgì, ní Ìjànikin, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a fi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà àti ti Michael Ọ̀tẹ́dọlá pa pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2022; a ń kọ́ àwọn olùkọ́ orin níbẹ̀. Ní Oníkàn, ẹgbẹ́ MUSON, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ó ṣí ní 1989. Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú-irin ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina, tí kò jìnnà sí Oníkàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò JAMB pẹ̀lú, Orin sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ tí JAMB ń ṣe ìdánwò lé lórí. Kí ó má gbàgbé àwọn ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, Gẹ̀ẹ́sì ní pàtàkì. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà tirẹ̀, ìlànà a sì máa yí padà. Nítorí náà kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ wí.

Níbi púpọ̀, ohun tí a máa ń béèrè kò ju márùn-ún lọ: orin méjì tàbí mẹ́ta tí a ti kọ́ sílẹ̀, tí ìwà wọn yàtọ̀ sí ara wọn, dó-re-mí ní oríṣiríṣi kíì, kíka orin tí a kò rí rí, dídán etí wò, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárín olùkọ́ àti ọmọ. Ọwọ́, etí àti ojú ni a ń dán wò. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọwọ́, kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ohun èlò tí a óò fi dán an wò. Kíbọ́ọ̀dù tí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ní ibi ìtẹ̀ 61. Pianó ní 88, funfun 52, dúdú 36. Iye yìí nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn. Nínú pianó, òòlù kékeré ni ìka ń rán lọ lu okùn irin. Bí ìka bá lọ jẹ́jẹ́, ohùn yóò rọ̀. Bí ó bá fi agbára lọ, ohùn yóò le. Ẹni tí ó ti ń tẹ èyí tí ó fúyẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ìka òun kò lágbára tó lórí pianó, àti pé gbogbo orin rẹ̀ jáde ní ohùn kan ṣoṣo, bí ẹni ń ka ìwé láìdánudúró. Nítorí náà kí ó wá pianó gidi tí yóò máa fi ọwọ́ kàn lọ́sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Bí kò bá rí i, tí ó sì jẹ́ pé a fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù fún un ní Àlàbá, kí a béèrè èyí tí ibi ìtẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ti pianó. Kí a jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò ní ìsọ̀ kí a tó sanwó. Kí a má ṣe jẹ́ kí iye ohùn fèrè àti ìlù tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà tàn wá jẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò bá a wọ yàrá ìdánwò.

Ẹni tí ó ń fi ohùn kọrin náà ní ìkìlọ̀ tirẹ̀. Gbohùngbohùn ni bọ́tìnnì tirẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára láti máa pariwo sínú rẹ̀, kí ó kọ́ láti kọrin láìlò ó nínú yàrá lásán, kí ó lè gbọ́ bí ohùn òun ti rí ní òtítọ́. Kí ó má sì ṣe ṣe àìsùn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ya yín lẹ́nu láti ẹnu àlùfáà, ṣùgbọ́n ohùn tí ó ti há kò lè jẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Ní ti etí, ẹ̀bùn ńlá ni èdè wa fún wa. Ọmọ kékeré tí ó ń sọ Yorùbá kì í pe ọkọ́ tí a fi ń roko ní ọkọ̀ tí a ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í pe èyíkéyìí nínú wọn ní ọkọ tí ó fẹ́ ìyá rẹ̀. Ìró wọn kò yàtọ̀ bí kò ṣe ní gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn. Àwọn olùkọ́ wa sì ti ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní àmì wọn tipẹ́. Etí tí ó lè ṣe èyí ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà nílé ìyá rẹ̀. Ìdajì tí ó kù ni pé, nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ìwọ̀n tí a yàn fún bí ohùn òkè ti gbọ́dọ̀ ga tó. Nínú orin, ìwọ̀n wà. Ní 1939 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹnu kò pé kí A tí ó wà láàárín pianó máa gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà kí ọmọ máa fi ohùn wọn àlàfo: kí ẹnì kan tẹ ohùn méjì, kí òun kọ wọ́n padà, kí ó sì sọ bóyá dó sí mí ni, tàbí dó sí sọ́ọ̀lù. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ní ìlànà kan, kí òun náà pa á padà láìyẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ tó. Ọmọ ìyá tí kò mọ orin pàápàá lè ràn án lọ́wọ́ nínú ìpàtẹ́wọ́.

Ní ti ojú, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń kọsẹ̀ jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìjọ ti lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láìná owó púpọ̀. Àwọn àgbà akọrin wa mọ sólfà, èyí tí John Curwen, ará England tí ó kú ní 1880, tún ṣe láti inú iṣẹ́ obìnrin olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Sarah Glover. Àwọn míṣọ́nárì sì gbé e káàkiri ayé. Sólfà dára púpọ̀, nítorí òun ni ó ń kọ́ wa pé dó lè jókòó sí ibikíbi, tí í ṣe ohun náà gan-an tí bọ́tìnnì ń fi pamọ́ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí a óò gbé sí iwájú rẹ̀ ní ìdánwò yóò jẹ́ èyí tí a kọ sórí ìlà márùn-ún. Ẹni tí ó mọ sólfà kò jìnnà sí i: kí ó kọ́ ibi tí dó ń jókòó sí lórí ìlà ní kíì kọ̀ọ̀kan, yóò sì rí i pé ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni ó tún pàdé nínú aṣọ tuntun.

Ibo ni yóò ti rí ìwé tí yóò máa kà? Inú ìwé orin ìjọ ni, èyí tí a tẹ ohùn rẹ̀ sórí ìlà, irú èyí tí ó ń bẹ nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ yàrá akọrin. Orin ìyìn kan kúrú. Ó ní ohùn mẹ́rin, ti obìnrin méjì, ti ọkùnrin méjì. Ó sì wà ní oríṣiríṣi kíì. Kí ọmọ mú ọ̀kan tí kò mọ̀ rí lójoojúmọ́. Kí ó wò ó fún ìdajì ìṣẹ́jú kí ó tó fi ọwọ́ kàn án: kíì wo ni, ìlù mélòó ní àárín ìlà àti ìlà, níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó parí sí, níbo ni ó ti le? Lẹ́yìn náà kí ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, bí ó tilẹ̀ ṣì í. Àṣìṣe kan kì í ba ìkàwé jẹ́. Dídúró àti títún un bẹ̀rẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣé ẹ fẹ́ sọ fífi etí gbọ́ di asán ni?” Rárá o. Ẹ wo Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ọmọ àlùfáà. Ó wà lára àwọn akọrin Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina, lábẹ́ T. K. E. Phillips, ẹni tí ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, tí ó sì jẹ́ olùtẹ dùùrù Kàtídírà náà láti 1914 títí di 1962. Nígbà tí Ṣówándé dé Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, ó ń tẹ pianó nínú ilé fàájì, ó sì ń bá Adelaide Hall, akọrin ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́. Etí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Síbẹ̀ ní 1943 ó yege nínú ìdánwò gíga jù lọ ti Royal College of Organists, níbi tí a ti ń béèrè pé kí olùtẹ̀ wo orin tí a kọ ní kíì kan, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní kíì mìíràn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe fún àwọn ọmọ wa, ọwọ́ àti ojú ni Ṣówándé fi ṣe é. Etí àti ojú kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n, ẹni tí ó sì fi ọ̀kan rìn yóò tiro.

Ní ti àkókò, kí ìmúrasílẹ̀ má ṣe dín ní ọdún kan fún ẹni tí kò mọ ìwé orin kà. Kí ó pín wákàtí kan lójoojúmọ́ báyìí: ìṣẹ́jú 15 fún dó-re-mí, kí ó máa mú kíì tuntun kan lọ́sẹ̀; ìṣẹ́jú 20 fún àwọn orin tí yóò gbé lọ; ìṣẹ́jú 15 fún kíka orin tuntun; ìṣẹ́jú 10 fún etí. Wákàtí kan lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méje ní ọjọ́ Sátidé lọ. A sì mọ irú ibi tí a ń gbé. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Àlàbá bá ti ṣí ìsọ̀, tí a ń dán gbohùngbohùn wò ní ọ̀tún àti ní òsì, tí ẹ̀rọ amúnáwá sì ń hó, ta ni yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀? Nítorí náà kí ọmọ lo òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ìjọ sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó tètè jáde nílé, nítorí gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà Àgbádárìgì. Kí ó mú ẹ̀dà orin rẹ̀ lọ́wọ́ fún àwọn olùkọ́. Kí ó kí wọn, kí ó jókòó, kí ó mí kanlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, kí ó máa bá a lọ. Bí wọ́n bá dá a dúró láàárín orin, kí ó má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni. Bí wọ́n bá sì bi í ní ohun tí kò mọ̀, kí ó wí pé òun kò tíì kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dójú ti ẹnikẹ́ni tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ. Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò jókòó sínú ẹkún. A bẹ àgbà olùtẹ dùùrù kan pé kí ó máa kọ́ ọ. Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá náà ṣe ni pé ó fi bébà lẹ bọ́tìnnì transpose pa. Ẹ̀yin ará, oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e kò rọrùn fún ìjọ wa. Ọmọ tí kì í ṣì í tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Orin ń lọ́ra, àwọn akọrin ń kùn, àgbà ìjọ kan tilẹ̀ bi wá bóyá a kò lè wá ẹlòmíràn. A dáhùn pé a fi ọdún mẹ́fà jẹ adùn lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi oṣù mẹ́ta gba àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún kejì ó tún lọ sí ìdánwò, wọ́n sì gbà á.

Ìyìn kò ná wa ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ náà ní kíì kan. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń tẹ̀, tàbí tí ó ń kọrin fún yín ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí bóyá ó lè ka ohun tí ó ń tẹ̀. Bí ó bá ní òun kò lè kà á, ẹ wá olùkọ́ fún un, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi ara da àṣìṣe rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; ìjọ sì ni ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí.